Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Òbí Bá Ọmọ Rẹ̀ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìlera àti Sáyẹ́ǹsì Pẹ̀lú Ọwọ́: Ìtọ́sọ́nà láti Kétu

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ń bi mí, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níhìn-ín: "A pe òbí sí ìpàdé ìlera, ìwọ̀nba ló yọjú. Àwọn tó yọjú náà jókòó, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, wọ́n ní a kú iṣẹ́, wọ́n lọ. Nílé wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Kí ni ká ṣe?"

Ìdáhùn mi kò gùn. Ẹ má pe òbí wá gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́. Ẹ pè é wá bá ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Kò sí ìyá tí kò tíì gbọ́ "ẹ máa fọ ọwọ́ ọmọ" rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì rí ni ohun tí ọṣẹ ń ṣe tí omi nìkan kò lè ṣe, kí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ wò ó, kí wọ́n jọ yà sí i. Tí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, òun ni yóò máa rán àwọn ará ilé létí, kò ní jẹ́ kí wọ́n sinmi.

Ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà ni mo ní lọ́kàn níhìn-ín. Gbogbo ohun èlò tí ẹ máa lò wà nílé ìdáná tàbí ní ẹ̀yìnkùlé.

Kí ẹ tó ránṣẹ́ sí òbí kankan

1. Ẹ kọ́kọ́ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ọmọ ilé-ìwé, àwọn tí a ń pè ní AME. Ẹ wá obìnrin kan tàbí méjì nínú wọn tí àwọn yòókù ń tẹ́tí sí. Ẹ jọ ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ọjọ́ tó pé. Lọ́jọ́ náà, òun ni kó darí rẹ̀. Òbí máa ń gba ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń pọn omi, tí wọ́n jọ ń ná ọjà, ju ti olùkọ́ lọ. Ìgbésẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò, òun gan-an sì ló ń gbé gbogbo ìyókù dúró.

2. Ẹ fi tó ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín létí. Tí nọ́ọ̀sì bá lè wá, ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe ìwàásù. Kó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ igi, kí òbí tó ní ìbéèrè lè lọ bá a níkọ̀kọ̀.

3. Ẹ mú ọjọ́ tó bá ayé wọn mu. Ọjọ́ ọjà kò ṣe é ṣe. Ọ̀sán Jímọ̀ náà kò ṣe é ṣe. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, oko ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń wà láti àfẹ̀mọ́jú. Ní tèmi, àárọ̀ ló dára jù, nígbà tí wọ́n bá mú ọmọ wá, torí wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín tẹ́lẹ̀.

4. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní ọwọ́ fífọ̀, àwọ̀n ẹ̀fọn àti oúnjẹ aṣaralóore lọ́jọ́ kan ṣoṣo, òbí kò ní mú ìkankan nínú wọn relé.

5. Ẹ dán an wò fúnra yín, pẹ̀lú epo yẹn gan-an, ọṣẹ yẹn gan-an, ìgò yẹn gan-an.

Bí ẹ ṣe máa pè wọ́n

Ìwé pélébé tí a fi èdè Faransé kọ, tí a sì kì bọ inú báàgì ọmọ, kì í mú ẹnikẹ́ni wá. Ẹnu ni kí ẹ fi pè wọ́n, lẹ́nu géètì, kí ẹ sì fi orúkọ pè wọ́n. Báyìí ni:

"Ìyá Táyé, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Lọ́la tí ẹ bá mú wọn wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dúró díẹ̀. Táyé fẹ́ fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ bá wa mú epo díẹ̀ dání, kó má ju ṣíbí kan lọ."

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìpè yẹn. Ọmọ ló pe ìyá rẹ̀, ìjọba kọ́. A kò dárúkọ ìpàdé. Epo ṣíbí kan ni a ní kó mú wá, ohun tó wà nílé tí kò ní ná an ní fáráǹkì kan. Ẹni tó bá gbé epo dání ti di ara iṣẹ́ náà kó tó dé ibẹ̀.

Ẹni tó ń wẹ ọmọ, tó ń fún un lóúnjẹ, ni kí ẹ pè. Nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, ìyá àgbà ni. Ẹ má ní "ìyá rẹ̀ ni a fẹ́ rí" fún ìyá àgbà tó mú ọmọ wá. Ẹ ti lé ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an.

Ní ti bàbá, tí ẹ bá ní "ẹ̀yin òbí", á rò pé ìyàwó òun ni ẹ ń bá wí. Ẹ fi iṣẹ́ tó mọ̀ pè é. Ẹ bẹ bàbá tó ń wa sẹ́mìjàn (ọ̀kadà) pé kó gbé táyà àtijọ́ kan wá, kí káfíńtà wá kan pátákó tí a ó gbé ìgò lé. Ẹ ó rí i pé á dúró wò ó dé òpin.

Tí àwọn ìdílé tó ń sọ Fọ̀n, Máhì tàbí Fúlàní bá wà láàárín yín, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè náà kó jókòó tì wọ́n.

Ẹ má bu owó ìtanràn lé ẹni tí kò bá wá. Ẹ má sì ṣèlérí ẹ̀bùn, torí ọjọ́ tí ẹ̀bùn bá tán ni wíwá á dópin.

Bí ogójì ìṣẹ́jú náà ṣe ń lọ

Ogójì ìṣẹ́jú tó. Tí ẹ bá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn wọn á ti wà ní ìsọ̀.

1. Ìṣẹ́jú márùn-ún: kíkí àti ìjókòó. Kí òbí kọ̀ọ̀kan jókòó sórí ẹní ní ẹ̀gbẹ́ ọmọ tirẹ̀. Ẹ má tò wọ́n sórí àga bíi ti ilé ẹjọ́. Ọmọ tí ẹnì kankan kò bá wá fún, ẹ tètè fà á lé ìyá kan lọ́wọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wojú.
2. Ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ bèèrè ohun tí wọ́n rò pé yóò ṣẹlẹ̀. Ọmọ ni kó kọ́kọ́ sọ, òbí tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ èyí tó tọ̀nà.
3. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: iṣẹ́. Ọwọ́ ọmọ ló ń ṣe é, ti òbí ń ràn án lọ́wọ́, tiyín wà lẹ́yìn yín.
4. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá: kí lẹ rí? Ó jọ ohun tí ẹ sọ lẹ́ẹ̀kan? Kí ohun kan ṣoṣo tí wọn yóò ṣe nílé ti ẹnu wọn jáde.
5. Ìṣẹ́jú márùn-ún: ìbéèrè, àti ẹni tó bá fẹ́ rí nọ́ọ̀sì.

Ìgbésẹ̀ kejì yẹn ni sáyẹ́ǹsì gan-an. Ọmọ tó ti sọ ohun tó rò, tó wá wò ó bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú bí onímọ̀. Tí òbí bá sì gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, á rí i pé ọmọ náà ní làákàyè ju bí òun ṣe rò lọ. Mo ti rí bàbá tó yí ojú padà sí ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, inú mi máa ń dùn sí i gan-an.

Iṣẹ́ kìíní: epo, iyanrìn àti ọṣẹ

Ohun èlò: epo pupa díẹ̀, iyanrìn gbígbẹ, ọṣẹ, omi nínú kẹ́tùrù tàbí bídọ̀ọ́ (kẹ́ẹ̀gì), báàfù tí omi ìdọ̀tí yóò máa dà sí, aṣọ funfun àtijọ́.

1. Kí òbí fi epo kíún pa àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, kó fi pa tirẹ̀ náà. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ kan iyanrìn.
2. Ẹ sọ fún wọn pé ìdọ̀tí tí a lè rí nìyí, pé èyí tí ojú wa kò lè rí náà ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀.
3. Kí ọmọ fi omi nìkan fọ̀ ọ́, kó sì nu ún sí apá kan aṣọ funfun náà. Epo á hàn níbẹ̀ kedere.
4. Kó wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, abẹ́ èékánná. Ó kéré tán, kó tó ogún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orin kúkúrú kan tí wọ́n mọ̀ ka àkókò náà.
5. Kó nu ún sí apá kejì aṣọ náà. Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ síbi tí gbogbo ènìyàn á ti rí i, kó wà níbẹ̀ títí di ọ̀la.

Tí ọmọ bá béèrè ìdí rẹ̀: omi àti epo kì í bára wọn rẹ́, ọṣẹ ló ń di àwọn méjèèjì mú, tí omi fi lè gbé epo lọ pẹ̀lú ìdọ̀tí tó wà nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Nílé wa, abọ́ omi kan là ń gbé kiri kí a tó jẹun. Àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́, ọmọdé ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ rò ó wò: omi tí gbogbo ilé ti fọwọ́ sí ló kan ẹni tí ara rẹ̀ kò tíì gbó jù lọ. Ẹ má fi ìyẹn dá òbí lẹ́bi lójú gbogbo ènìyàn. Ẹ kàn fi hàn wọ́n pé wọ́n lè máa da omi sí ara wọn lọ́wọ́ láti inú kọ́ọ̀bù, kí àgbà ṣì kọ́kọ́ fọ̀ bó ṣe yẹ, kí omi tó kan ọmọ sì jẹ́ tuntun. Ìyípadà kékeré ni, ọ̀wọ̀ kankan kò sì dínkù níbẹ̀.

Tí ọṣẹ bá tán nílé, eérú tó mọ́ pẹ̀lú omi sàn ju omi nìkan lọ, àmọ́ ọṣẹ ló dára jù. Ẹ kìlọ̀ fáwọn ìyá ṣáájú pé epo máa ń ta sí aṣọ.

Fún ibi ìfọwọ́ tí ọmọ lè dá lò: ẹ wá bídọ̀ọ́ lítà márùn-ún, ẹ dá ihò kékeré kan sí i nísàlẹ̀, ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí i, ẹ so ó mọ́ igi níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Ẹ fi okùn so ọṣẹ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Káwọn bàbá ṣe èyí.

Iṣẹ́ kejì: tanwíji inú ìgò

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀rọ̀ Kétu gan-an ló ń sọ. Omi jìn sílẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè wa. Láyé àtijọ́ títí dòní, à ń gbe omi òjò sínú ìkòkò, àgbá àti kòtò omi oníṣìmẹ́ǹtì. Ìyá tó fi àárẹ̀ tọ́jú omi yìí, tí olùkọ́ bá ní "ẹ da omi tó dúró nù", á wo olùkọ́ náà bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ. Ọ̀rọ̀ yín gbọ́dọ̀ yàtọ̀: omi tí à ń lò, ẹ bò ó, omi tí ẹnikẹ́ni kò lò, ẹ dà á nù.

Ohun èlò: ìgò funfun tàbí ike tó mọ́ gaara, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀fọn kò lè gbà kọjá, rọ́bà tàbí okùn, kọ́ọ̀bù.

1. Kí òbí àti ọmọ jọ rìn yí ọgbà ká, kí wọ́n máa wá omi tó dúró: nínú táyà tí bàbá gbé wá lánàá, nínú agolo, èèpo àgbọn, ìkòkò fífọ́, abọ́ omi adìyẹ. Kí ọmọ máa fi ìka ka ibi tí wọ́n bá rí.
2. Àgbà ni kó fi kọ́ọ̀bù bu omi tó ní tanwíji. Ẹ dà á sínú ìgò dé ìdajì.
3. Ẹ fi aṣọ náà bò ó ní ìṣẹ́po méjì, ẹ dè é pinpin lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọmọrí dé e, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.
4. Ẹ gbé e síbi òjìji, níbi tí ojú ọmọ dé tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé.
5. Ní àràárọ̀, kí wọ́n wò ó. Tí ẹ bá rọra kan ìgò náà, tanwíji á sáré rì sísàlẹ̀, tó bá ṣe, á tún gòkè wá mí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ara rẹ̀ á ká kò, orí rẹ̀ á tóbi, kò ní jẹun mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀fọn á jáde.
6. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹ̀fọn nínú ìgò náà, ẹ dá òbí kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́nu géètì, kí ọmọ rẹ̀ fà á lọ síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni. Mo fẹ́ràn ìṣẹ́jú méjì yìí ju wákàtí méjì ìpàdé lọ.
7. Kí ẹ tó tú aṣọ náà, ẹ da omi ọṣẹ gba orí rẹ̀ títí gbogbo wọn á fi kú.

Ẹ wá bi wọ́n pé: ọjọ́ mélòó ló gba omi yìí kó tó di ẹ̀fọn? Láti ẹyin dé ìgbà tó ń fò, ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí ooru bá ṣe pọ̀ tó. Àwọn òbí fúnra wọn á wá sọ pé ẹni tó bá ń da omi abọ́ adìyẹ nù, tó sì ń fọ abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n dàgbà níbẹ̀. Fífọ abọ́ ṣe pàtàkì, torí ẹyin irú ẹ̀fọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara ohun tí omi wà nínú rẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí ọmọ jẹ́ ẹni tó ń rán wọn létí.

Ìkìlọ̀:

- Ọmọ kò gbọ́dọ̀ dá súnmọ́ kòtò omi tàbí kànga láti wá tanwíji. Ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ìgbà mẹ́ta. Ọmọ kékeré lè kú sínú omi tí kò jìn.
- Ẹ má sọ pé gbogbo ẹ̀fọn ló ń fa ibà. Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní Anopheles ló ń gbé e kiri, òru ló sì máa ń jẹ ènìyàn jù. Tanwíji rẹ̀ máa ń nà gbalaja lójú omi. Ti àwọn ẹ̀yà yòókù máa ń dorí kodò. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fi ojú yà wọ́n sọ́tọ̀, ẹ dán an wò.
- Dída omi nù kò lè rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn. Kí ọmọ sùn sábẹ́ rẹ̀ ní alaalẹ́, nígbà ọyẹ́ náà. Àwọ̀n tuntun tí wọ́n fi oògùn sí, ẹ na án síbi òjìji fún ọjọ́ kan kí ẹ tó lò ó. Tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ọṣẹ lásán ni kí ẹ lò, kẹ́ ẹ má sá a sínú oòrùn.
- Ara ọmọ tó bá gbóná, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ kékeré ní àjẹsára ibà láti 2024. Kí òbí tó ní ọmọ ọwọ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ kẹta: omi iyọ̀ àti ṣúgà

Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ni kí ẹ fi kọ́ni, kí òbí ti mọ̀ ọ́n ṣe kí ìgbẹ́ gbuuru tó dé.

1. Ẹ wọn lítà kan omi tí a ti sè, tó sì ti tutù.
2. Kí ọmọ wọn ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà. Kí òbí fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ́ ojú ṣíbí kọ̀ọ̀kan kó dọ́gba.
3. Kí òbí fúnra rẹ̀ wọn ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kó dọ́gba bákan náà.
4. Kí ọmọ rò ó. Ẹ bi í léèrè: níbo ni ṣúgà lọ? Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò nínú kọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ojú kò rí i mọ́, ahọ́n ṣì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.
5. Kí òbí tọ́ ọ wò. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Tó bá níyọ̀ jù ú lọ, ẹ dà á nù.

Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Iyọ̀ tó pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá ńlá, nítorí náà ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ìka mẹ́ta bù ú. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní SRO sàn ju èyí tí a pò nílé lọ. Kí òbí ka iye omi tí wọ́n kọ sára ọ̀rá náà, tàbí kó ní kí ẹni tó tà á fún un sọ ọ́. Èyí tí wọ́n bá pò, kó má kọjá wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró, oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ dúró. Nọ́ọ̀sì á tún fún ọmọ ní oògùn síńkì fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá; kí wọ́n lò ó tán bí ìgbẹ́ náà tilẹ̀ ti dá.

Ẹ máa bá àwọn òbí ka èyí sókè. Kí ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró tí:

- ojú rẹ̀ bá jìn sínú
- kò bá lè mu omi, tàbí tó ń bì gbogbo ohun tó mu
- ara rẹ̀ bá rọ, tí kò dáhùn dáadáa
- ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́

Àwọn iṣẹ́ kékeré míì

Ẹ̀wà àti àgbàdo nínú òwú: ìgò mẹ́ta, ọ̀kan gba omi, ọ̀kan kò gba omi, ọ̀kan gba omi ṣùgbọ́n ó wà nínú òkùnkùn. Gbòǹgbò ló máa kọ́kọ́ yọ. Gbogbo àgbẹ̀ ló ti mọ èyí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ kan ṣàlàyé rẹ̀ fáwọn ọmọ. Ẹ parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Téèpù ọwọ́, èyí tí wọ́n fi ń wọn òkè apá ọmọ láti mọ̀ bóyá oúnjẹ tó ń jẹ kò tó: nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ló ní í. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ẹni tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí òkè apá bá kéré sí 11.5 sẹ̀ǹtímítà, pupa ni, kí ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Láti 11.5 sí 12.5, àwọ̀ yẹ́lò ni, ó nílò ìtọ́jú àti oúnjẹ tó dára sí i. Ẹ kọ́ ìyá láti máa wọn ọmọ rẹ̀ nílé. Àmọ́ ẹ má wọn ọmọ kankan lójú àwọn ìyá yòókù. Ìyá tí àwọ̀ pupa bá jáde fún láàárín èrò kò ní padà wá mọ́, òun gan-an sì ni ẹ wá kiri.

Èyí tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀

*Ata tó ń sá fún ọṣẹ.* Wọ́n á wọ́n ata gbígbẹ sórí omi, wọ́n á fi ìka tó ní ọṣẹ kàn án, ata á fọ́n ká, wọ́n á ní "kòkòrò àrùn ló ń sá yẹn". Kì í ṣe òótọ́. Ojú omi ni ọṣẹ tú, kòkòrò kankan kò sá. Ata ilẹ̀ wa tún lè wọ ọmọ lójú. Iṣẹ́ epo ṣàlàyé ọṣẹ bó ṣe rí.

*Omi tí a fi iyanrìn àti èédú sẹ́.* Ó dùn ún wò, omi dúdú á jáde ní mímọ́. Ewu rẹ̀ ni pé òbí á gbà pé omi tó mọ́ lójú ti ṣe é mu. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ́ ọ wò, kí ẹ sì se omi náà títí tó fi hó dáadáa lójú wọn.

Tí ẹ bá wà ní Àjàṣẹ́ tàbí Ṣábẹ̀ẹ́

Ní Àjàṣẹ́, ẹ lè kó òbí àti ọmọ lọ sí ilé-iṣẹ́ ọ̀gbìn Songhaï ní Ouando, tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985. Wọ́n ń fi ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtírí ṣe gáàsì àti ajílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń sin ẹja. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n pé ibi méjì péré ni kí wọ́n fi hàn yín. Láwọn àdúgbò tó sún mọ́ ọ̀sà, nígbà tí omi bá kún, omi mímu ni kí ẹ kọ́kọ́ mú ní iṣẹ́, kí tanwíji dúró.

Ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), àwọn òkè àpáta yẹn ti tó fún iṣẹ́ ọdún kan: kí ọmọ kó òkúta, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ nípa àwọ̀, ìwúwo, èyí tó ń dán. Ẹ ní kí ìyá tó ń ṣe wàgàsì wá fi hàn bí wàrà ṣe ń dì. Kí iná jìnnà sí ọmọ. Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni kajú: ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ tàbí eyín fọ́ èèpo kajú tútù. Epo inú èèpo náà máa ń jó ara.

Òbí tí kò lè wá

Òmíràn wà lọ́jà láti ìdájí, òmíràn ti kọjá sí Nàìjíríà lọ tajà. Àìbìkítà kọ́. Ohun tí ẹ lè ṣe:

- Ẹ rán ọmọ lọ sílé pẹ̀lú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó lè fi han bàbá tàbí ìyá lálẹ́, irú bíi ẹ̀wà mẹ́ta nínú òwú.
- Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ ní Yorùbá, ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohùn sàn ju ìwé lọ. Ohùn ọmọ wọn sàn ju tiyín lọ.
- Ẹ gbé aṣọ funfun àti ìgò tanwíji lọ sí ìsọ̀ wọn lọ́jà. Láàárín ìsọ̀ mẹ́rin, èrò á ti pé yí yín ká.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

- Omi ti wà nílẹ̀, ó sì tó
- Ọṣẹ, epo, aṣọ funfun tàbí ìgò ti pé
- Ìyá tó máa darí ti rántí
- Ẹní tó iye òbí
- Ẹ ti mọ ọmọ tí ẹnì kankan kò ní wá fún, ẹ sì ti wá ẹni fún un

Lẹ́yìn ọjọ́ náà

Ẹ má pe ìpàdé láti béèrè bóyá wọ́n ń ṣe é. Ọmọ ni kí ẹ bi. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ta ló da omi sí i lọ́wọ́ kó tó jẹun, ta ló fọ abọ́ omi adìyẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni wí. Tí ẹ bá rí i pé ilé kan kò ṣe é, ẹ yà síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kí wọn, ẹ sì wo ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́. Nígbà míì, owó ọṣẹ ni. Nígbà míì, àwọ̀n ẹ̀fọn kan ṣoṣo ló wà fún ọmọ márùn-ún. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ mọ́, ẹ gbé e lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá àti ilé ìwòsàn kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ fi oṣù kan sáàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Ẹni tó darí ti àkọ́kọ́ ni kó yan ìyá tàbí bàbá tó máa darí èyí tó kàn.